Ẹ̀yìn ọwọ́ lára páànù

Àsàlámù àlékùm o, ẹ̀yin èèyàn mi, ibi yòówù tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ mi. Èmi nìkan ni mo wà nídìí máíkì lónìí, inú ọkọ̀ ni mo jókòó sí ní Winnipeg, ní Kánádà níbí, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíwọ́ iṣẹ́ òrùlé kíkàn ni, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ò tíì lù, ilẹ̀ sì ti ṣú.

Màámi n'Ílọrin máa ń bi mí pé ṣé lóòótọ́ lẹ̀ ń gun òrùlé nínú yìnyín. A ń gùn ún, Màámi. Ọyẹ́ tó ń mú wa l'Ókè-Súnà, tá a fi ń sáré lọ ra kókó gbígbóná láàárọ̀, ètè nìkan nìyẹn ń bó. Tibí, tó bá ti tó mínọ́ọ̀sì 15 lórí Celsius, tí atẹ́gùn wá ń fẹ́ sí i, egungun ló ń wọ̀.

Àmọ́ òógùn ló ń dá wa lóró jù. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé, síńgílẹ́ẹ̀tì olówùú mẹ́ta ni mo wọ̀ léra, mo gbé jákẹ́ẹ̀tì lé e, mo ń ru shingle, ìyẹn pẹlẹbẹ ọlọ́dà tá a fi ń bo òrùlé níbí, gun àkàbà, ìdì kan sì lè tó kílò 30, kí n tó mọ̀ mo ti làágùn, ìgbà tí mo wá kúnlẹ̀ tí mo fẹ́ máa kan ìṣó, òwú tó ti mu omi yẹn wá tutù nini mọ́ mi lára, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mi ò lè di nǹkan mú. Fóòmàn wa, bàbá àgbàlagbà kan, ló pè mí sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bu tíì fún mi nínú fláàsìkì wọn, wọ́n ní aṣọ tó bá máa kan ara ò gbọdọ̀ jẹ́ òwú, kó jẹ́ onírun àgùntàn tàbí pólísítà, kí n wọ súwẹ́tà lé e, kí èyí tí atẹ́gùn ò lè gbà kọjá wá wà lókè. Tí n bá fẹ́ ru ẹrù kí n bọ́ ọ̀kan kí òógùn tó dé, tí n bá kúnlẹ̀ kí n wọ̀ ọ́ padà. Ìbọ̀wọ́ mìíràn náà máa ń wà láyà mi báyìí, torí èyí tó bá ti rin, tiẹ̀ ti tán.

Shingle gan-an ò fẹ́ òtútù, ó máa ń le, tó o bá tẹ̀ ẹ́ ó lè sán, gọ́ọ̀mù abẹ́ ẹ̀ ò sì lè lẹ̀ láìsí ooru oòrùn, ọwọ́ la fi ń tọ́ ọ̀dà sí i níkọ̀ọ̀kan.

Kafíńtà ni bàbá mi, páànù ni wọ́n ń kàn. Tí ìrì bá sẹ̀ mọ́jú, wọ́n á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan páànù kí wọ́n tó gùn ún, tó bá ṣì tutù wọ́n á jókòó sábẹ́ igi, onílé á máa bínú, èmi ọmọdé á máa rò pé wọ́n ń ṣọ̀lẹ ni. Ní báyìí, àràárọ̀ ni mò ń bọ́ ìbọ̀wọ́, tí mò ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan pákó, torí yìnyín fẹ́lẹ́ kan wà tójú kì í rí. Ẹ dárí jì mí, Bàbá.

Lónìí, àbúrò wa kan tó ti Ọ̀fà dé, òtútù ẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí, mo rí orí ìka ẹ̀ tó funfun bí ẹfun. Mo ní ṣé ó ń dùn ẹ́? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò dùn mí rárá, mo lè fara dà á." Àyà mi já, torí ìgbà tí kò bá dùn mọ́ gan-an ló burú. Mo mú un wá sínú ọkọ̀ yìí, mo tan hítà, mo ní kó ki ọwọ́ bọ abíyá, kó má fi ra ara wọn. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ padà dé ìka yẹn ni ìrora wá bẹ̀rẹ̀, ọmọkùnrin yẹn sunkún, ojú ń tì í. Mo ní kó sun ún dáadáa, mo bu tíì fún un, mi ò jẹ́ kó padà sókè mọ́ lónìí.