Màmá Fa Apá Sẹ́yìn

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà káàkiri ayé. Ọ̀rọ̀ aláìsàn tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì má fọwọ́ kan òun ni mo gbé wá lónìí. Ti aṣọ funfun wọn, ti ìwé tí ọ̀gá ń bá wọn fọwọ́ sí, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Ibi tí màmá ti fa apá sẹ́yìn ni mo fẹ́ ká dúró sí. Ọmọ dé tòun ti tíréè, oògùn ti wà nínú abẹ́rẹ́, òwú ti tutù lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà, mo fẹ́ gún yín lábẹ́rẹ́." Màmá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ? Lọ pe ọ̀gá ẹ wá. Ẹ ò ní fi mí kọ́ṣẹ́." Hà! Ẹ̀rín pa mí. Ta ní ń fẹ́ kí wọ́n fi orí òun kọ́ bí wọ́n ṣe ń fárí?

Mo ti gbọ́ yín: "Bí gbogbo wọn bá kọ̀, níbo lọmọ á ti mọṣẹ́?" Òótọ́ ni. Níbí nílùú ọba, ìlànà ti pẹ́ tó ti ń béèrè wákàtí 2,300 lẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì. Ère oníke tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ ò lè gba gbogbo ìyẹn. Àmọ́ màmá ò kọ ọmọ o. Abẹ́rẹ́ tó ti dìde kí wọ́n tó bi í léèrè ló kọ̀.

Nọ́ọ̀sì àgbà ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ, lọ́wọ́ òfo, kí ọmọ má tíì sí níbẹ̀, torí àánú ọmọ máa ń di àwọn àgbà kan lẹ́nu. "Màmá, akẹ́kọ̀ọ́ ni, màá dúró tì í. Bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ sọ." Bó bá gbà, kí wọ́n fi wíwọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ìjókòó ìṣẹ́jú 5, apá ní ọ̀gangan ọkàn, kó má sí aṣọ lábẹ́ báńdì tí wọ́n ń wé mọ́ apá. Báńdì tó bá kéré jù fún apá á gbé nọ́ńbà sókè, wọ́n á dáyà já màmá lásán. Irú èyí ló ń ba akẹ́kọ̀ọ́ lórúkọ jẹ́!

Bó bá kọ̀ ńkọ́? Kí nọ́ọ̀sì àgbà ṣe é lákòókò tó yẹ, láìkùn, kó kọ ọ́ sínú fáìlì. Òfin Ìlera Nàìjíríà ilẹ̀ wa ti 2014 fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé òun ò fẹ́ ìtọ́jú. Ẹ má sì sọ fún mi pé àìmọ̀wé ni. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí Dókítà George Green, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi, ti dé láti 1907?

Tó bá dalẹ́, ọmọ yẹn ṣì lè padà lọ bi màmá bóyá ó ti jẹun. Kó ṣáà fi tíréè sílẹ̀.