Bí A Ṣe Ń Jí Kóró Ewédú Kí A Tó Gbìn Ín: Ẹ̀kọ́ Láti Ọgbà Ẹgbẹ́ Wa ní Abẹ́òkúta

Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé. Ẹ kú àkọ́rọ̀ òjò. Inú ọgbà ẹgbẹ́ wa la wà yìí, lẹ́bàá àpáta, ní Abẹ́òkúta. Ewédú la fẹ́ gbìn lónìí, láti orí kóró títí tí a ó fi tún padà rí kóró. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbin ewédú rí, tí ẹ fọ́n kóró rẹpẹtẹ sílẹ̀, tó sì jẹ́ pé ewé tó yọ kò kún ìṣaasùn. Ọwọ́ yín kò burú, ilẹ̀ yín náà kò sì burú. Kóró yẹn ń sùn ni. Bí a ṣe ń jí i ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun ń béèrè jù lọ, òun náà ni mo sì fẹ́ fi hàn yín.

Kí n tó mú ọkọ́, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ẹgbẹ́ fún àwọn tí kò rí wa láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilẹ̀ tí ẹ ń wò lẹ́yìn mi yìí, ààtàn ni tẹ́lẹ̀. Ìdílé tó ni ín ló yọ̀ǹda rẹ̀ pé ká máa gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gidigidi. A ti ṣa ọ̀rá àti àfọ́kù ìgò kúrò, a ti fi àwọn òkúta tí a hú jáde ṣe ààlà. A kì í gba owó oṣù lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́, a kì í sì í san owó iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Àáró la ń ṣe. Sátidé yìí, gbogbo wa wà níbí. Sátidé tó ń bọ̀, ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà kan ní Ìbarà la máa wà. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó yà sí ilé ìwé kan lápá Adátán láti bá àwọn ọmọ tún bẹ́ẹ̀dì wọn ṣe. Ẹ̀gbá tó gbọ́ ìtàn Lísàbí mọ ohun tí mò ń sọ. Nípasẹ̀ àáró ni Lísàbí fi kó àwọn àgbẹ̀ jọ, tí wọ́n ń ti oko ẹnìkan bọ́ sí oko ẹlòmíràn, kí wọ́n tó di ẹgbẹ́ tó gba Ẹ̀gbá sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìlàrí, ìyẹn àwọn ìránṣẹ́ Aláàfin Ọ̀yọ́. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí pé orí iṣẹ́ oko ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Òfin wa kò pọ̀, ọ̀kan ló le. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, a ó bu kóró ewédú ṣíbí ìjẹun kan fún un. Tó bá kórè tán, ṣíbí méjì ni yóò dá padà: ọ̀kan fún àpótí ẹgbẹ́, ọ̀kan fún ẹni tuntun tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà ni n kò fi ní dúró síbi tí a ti ń já ewé.

Ó yá, ẹ wá wo ilẹ̀. Ilẹ̀ Abẹ́òkúta kì í jinlẹ̀ níbi púpọ̀, bí ẹ bá sọ ọkọ́ kalẹ̀, ẹ ó gbọ́ "kàn!" lórí òkúta. Ẹ má bá a jà. Dípò kí a gbẹ́ ilẹ̀, a ó kó erùpẹ̀ òkè jọ di bẹ́ẹ̀dì. Fífẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mítà kan lọ, kí ọwọ́ lè dé àárín láì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Gíga rẹ̀, láti orí ìka àárín dé ọrùn ọwọ́ ti tó. Gígùn rẹ̀ kù sí yín lọ́wọ́. Ẹ dábùú bẹ́ẹ̀dì sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀, ẹ má nà án láti òkè sí ìsàlẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òjò ńlá kan ṣoṣo ni yóò wọ́ gbogbo erùpẹ̀ àti kóró lọ sójú gọ́tà. Òkúta tí ẹ ṣà, ẹ tò ó sí etí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, yóò di erùpẹ̀ mú.

Ajílẹ̀ ló kàn. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti pẹ́ nílẹ̀ ni mo ní níbí, kò rùn mọ́, kò sì gbóná mọ́. Tútù rẹ̀ máa ń jó ọ̀gbìn. Bíi kílò méjì ni ká dà sórí mítà kan níbùú lóròó. Ẹni tó bá rí bọ̀tọ̀, ìyẹn ìgbẹ́ màlúù, gbà lọ́dọ̀ àwọn alápatà Láfẹ́nwá, kó lò ó, ṣùgbọ́n kó jẹ́ kó jẹrà dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni èèpo ẹ̀gẹ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn elégààrí: májèlé wà lára rẹ̀ nígbà tó wà ní tútù, ó di ìgbà tó bá rà kó tó di ajílẹ̀. Ẹ pò ó mọ́ erùpẹ̀, ẹ bomi rin ín, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán.

Àwọn aládìrẹ inú ẹgbẹ́ wa bi mí bóyá a lè fi omi aró tí wọ́n ti lò tán bomi rin ẹ̀fọ́, torí pé ó máa ń ṣẹ́kù púpọ̀ ní Ìtòkú. Rárá o, ẹ jọ̀ọ́. Sódà tó wà nínú rẹ̀ le ju ohun tí ilẹ̀ lè gbà lọ, yóò pa gbòǹgbò.

Ní báyìí, kóró. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà sún mọ́ ọwọ́ mi. Ẹ rí i bó ṣe kéré tó, tó dúdú díẹ̀, tó ní igun-igun. Èèpo tó bò ó le gan-an, omi kì í wọ inú rẹ̀. Tí ẹ bá gbìn ín bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ni yóò hù. Ìyókù yóò wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, òmíràn tilẹ̀ lè di ọdún tó ń bọ̀. Fún ewédú inú igbó, oore ni èyí jẹ́, torí pé òjò àkọ́rọ̀ lè tàn án jẹ kó hù tán kí ọ̀dá tún dé. Ṣùgbọ́n àwa tí omi wà lọ́wọ́ wa fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ hù pọ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Omi gbígbóná la fi ń jí i. Àwọn ìyá wa ti ń ṣe é tipẹ́, àwọn olùwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ nílẹ̀ wa náà ti dán an wò, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi atẹ fẹ́ kóró kí ìyàngbò kúrò. Ẹ dì í sínú aṣọ fúyẹ́, ẹ má fún un pọ̀, kí omi lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo rẹ̀. Ẹ fi omi tútù sínú abọ́ kan, ẹ gbé e sí tòsí. Ìgbà náà ni kí ẹ wá gbé omi kaná. Nígbà tó bá hó yaya, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ wò mí o: mo ri kóró tí a dì náà bọ inú omi gbígbóná, mò ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, èje. Mo yọ ọ́, ó di inú omi tútù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó tán. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún sí mẹ́wàá ni kó wà.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìṣe nìyí. Wọ́n á gbàgbé kóró sínú omi gbígbóná títí wọ́n á fi lọ dá ẹnìkan lóhùn lẹ́nu ọ̀nà. Kóró yẹn ti jinná, kò lè hù mọ́. Àwọn mìíràn sì máa ń lo omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́ kó má baà kú. Ìyẹn kò ní jí i. Omi gbọ́dọ̀ hó, àkókò rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kúrú. Ẹ wá tẹ́ kóró náà sórí aṣọ lábẹ́ ìbòòji kí ó gbẹ di ọjọ́ kejì. Ìwọ̀nba tí ẹ fẹ́ gbìn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ nìkan ni kí ẹ jí, torí pé èyí tó bá ti jí kì í ṣe fún ìpamọ́.

Èyí tí a jí lánàá nìyí, ó ti gbẹ. Mo po ṣíbí kan mọ́ iyanrìn gbígbẹ ṣíbí mẹ́wàá, kí ọwọ́ má baà da gbogbo rẹ̀ sójú kan. Mo fi igi fa ilà tín-ín-rín sórí bẹ́ẹ̀dì, ó jìnnà síra bí ogún sẹ̀ǹtímítà. Mo wọ́n ọn sójú ilà, mo fi erùpẹ̀ fúlẹ́fúlẹ́ bò ó fẹ́ẹ́rẹ́. Ó tó bẹ́ẹ̀. Tó bá jìn ju sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì lọ, kò ní lágbára láti jáde. Imọ̀ ọ̀pẹ la fi ń bò ó kí òjò má baà gbá a. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ẹ ó rí orí rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni kí ẹ ká imọ̀ kúrò, kí oòrùn ọ̀sán má bá a lójijì.

Ẹ máa bomi rin ín, ẹ máa tu koríko. Nígbà tó bá ga díẹ̀, ẹ fa èyí tó fún pọ̀ tu, kí ìkọ̀ọ̀kan wà ní bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá síra. Èyí tí ẹ fà, ọbẹ̀ alẹ́ nìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ó ti tó já. Àwọn kan máa ń fa gbogbo rẹ̀ tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Nínú ẹgbẹ́ wa, ọ̀bẹ mímú la fi ń gé e, a ó fi kùkùté bí ogún sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ kó tún lè rúwé.

Nígbà tí ẹ bá hú kùkùté nígbẹ̀yìn, ẹ yẹ gbòǹgbò wò. Tí ẹ bá rí kókó-kókó lára rẹ̀, aràn inú ilẹ̀ tí ojú kò rí ló wọ̀ ọ́. Ẹ sun gbòǹgbò náà, ẹ má dà á sórí ajílẹ̀. Ẹ má sì gbin ewédú, ilá tàbí tòmátì sójú ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, torí pé àìsàn kan náà ló ń bá wọn jà.

Ó ku kóró ìdápadà. Ewédú ń wo gígùn ọjọ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń tètè ṣú, òdòdó ló máa ń fẹ́ yọ, kì í ṣe ewé. Nítorí náà, láti ìsinsìnyí dé Oṣù Keje, ẹ gbìn fún jíjẹ. Fún irúgbìn, ẹ gbìn ní ìparí Oṣù Kẹjọ, kí èso rẹ̀ lè gbó sínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ yan àwọn tó lágbára jù láàárín bẹ́ẹ̀dì, ẹ so òwú pupa mọ́ wọn lọ́rùn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe já ewé wọn. Òdòdó ewédú sábà máa ń dá ara rẹ̀ gbà, ohun tí ẹ gbìn náà lẹ ó ká. Síbẹ̀, ẹni tó ní ewédú eléwé fẹ̀ǹfẹ̀ àti èyí tí etí ewé rẹ̀ ya jákujàku, kó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nígbà tí èso gígùn yẹn bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ ká a kó tó là fúnra rẹ̀. Ẹ sá a, ẹ dà á sínú àpò, ẹ fi igi lù ú, ẹ fẹ́ ẹ. Inú ìgò gbígbẹ tó ní ìdérí ni kó wà. Ẹ kọ irú ewédú tó jẹ́ sára rẹ̀, àti oṣù tí ẹ ká a. Èyí tí kò ní àkọlé, a kì í gbà á sínú àpótí.

Àwọn tó gba ṣíbí lọ́wọ́ wa lọ́dún tó kọjá, Sátidé ìparí oṣù yìí la ń gba ìdápadà, láago mẹ́jọ àárọ̀, níbí. Ẹni tí tirẹ̀ kò hù, kó wá bẹ́ẹ̀, kó mú èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ dání. A ó gbé omi kaná, a ó sì jọ jí i.