Iye Pàṣípààrọ̀: Wákàtí Ta Ni Marx Ń Kà?

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin èèyàn mi. Mi ò ní máa sọ ìtàn ìgbésí ayé Karl Marx, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n. Orí kìíní Das Kapital ni mo bá wá, ìwé rẹ̀ lórí ọrọ̀ ajé, tó jáde ní Hamburg lọ́dún 1867, torí ibẹ̀ gan-an lẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń yẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó lò rèé: 20 ọ̀pá aṣọ ọ̀gbọ̀ tó kóòtù kan. Iye pàṣípààrọ̀ nìyẹn: ìwọ̀n tèyí tí wọ́n máa gbà kí wọ́n tó yọ̀ǹda tọ̀hún. Ó tán. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé kóòtù ló mú, ẹ jàre. Lọ́dún 1852, ó kọ̀wé sí Engels, ọ̀rẹ́ rẹ̀, láti London pé òun ò lè jáde nílé, torí kóòtù òun ti wọ ilé àwọn tó ń gba nǹkan dógò. Bàbá yẹn mọ iye kóòtù!

Ó dáa. Kí ló wá mú aṣọ ọ̀gbọ̀ bá kóòtù dọ́gba? Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí, ti bi ara rẹ̀ ní irú ẹ̀ ní Gíríìsì àtijọ́. Ó ní ibùsùn 5 tó ilé kan, ó rò ó títí, ó ní nǹkan tó yàtọ̀ síra tó báyìí ò lè dọ́gba lóòótọ́, ló bá fi í síbẹ̀. Marx ò fi í síbẹ̀. Ìwúlò wọn kọ́ ló bára mu, torí bí ìwúlò wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà, ta ló máa pààrọ̀ wọn? Ẹ yọ ìwúlò kúrò, ohun tó kù ni pé iṣẹ́ èèyàn wà nínú méjèèjì. Iṣẹ́ yẹn ló fún wọn ní ohun tí Marx ń pè ní iye, wákàtí ló sì fi ń wọ̀n ọ́n.

Àfiwé tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwé náà nìyí. Ẹ gbé ṣúgà sórí òṣùwọ̀n, kẹ́ ẹ kó irin sí apá kejì. Ẹ wo ṣúgà títí, ẹ tọ́ ọ wò, ẹ ò ní fojú rí ìwúwo rẹ̀. Ìgbà tí irin bá bá a dọ́gba lẹ máa tó mọ̀. Ṣé irin ló fún ṣúgà ní ìwúwo ni? Rárá o! Ó kàn fi í hàn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni kóòtù ń fi iye aṣọ ọ̀gbọ̀ hàn. Iye ti wà nínú aṣọ náà tẹ́lẹ̀. Iye pàṣípààrọ̀ lojú tó fi ń yọ síta.

Ẹ dúró síbí o, ibí lẹ ti máa ń ṣì í! Bí mo bá ti dárúkọ wákàtí iṣẹ́ báyìí, ẹnì kan á ti já lu ọ̀rọ̀ mi: "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀lẹ tó fi oṣù kan hun aṣọ tí ẹlòmíì hun lọ́jọ́ kan ńkọ́? Ṣé tiẹ̀ ló máa wọ́n jù?" Háà! Ẹ̀yin èèyàn yìí! WÁKÀTÍ ẸNÌ KAN ṢOṢO KỌ́! Mo tún un sọ: wákàtí ẹnì kan ṣoṣo kọ́! Wákàtí tí iṣẹ́ náà ń gbà láwùjọ ni, pẹ̀lú irinṣẹ́ tó wọ́pọ̀ lásìkò náà, lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí òye rẹ̀ ò ga jù, tí kò sì rẹlẹ̀ jù.

Ẹ wo Ìlú Ọba. Ọwọ́ làwọn ahunṣọ fi ń hun aṣọ níbẹ̀, àfi bí ẹ̀rọ ìhunṣọ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ṣe dé. Marx ní ó jọ pé ó gé àkókò iṣẹ́ náà sí ìdajì. Ẹni tó ṣì jókòó sídìí òfì ọwọ́ ò di ọ̀lẹ o. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń tẹ̀, ọkọ̀ ìhunṣọ ṣì ń lọ ṣì ń bọ̀, wákàtí kan ṣì ni wákàtí kan lójú aago. Ṣùgbọ́n tí aṣọ rẹ̀ bá dọ́jà, ìdajì wákàtí ni wọ́n máa kà fún un. Olè kankan ò wọlé tọ̀ ọ́, ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ sì ti lọ.

Iye owó ńkọ́? Orúkọ tí iye ń jẹ́ nìyẹn nígbà tí wúrà bá dúró síbi tí kóòtù dúró sí lẹ́ẹ̀kan. Ó lè ga ju iye lọ, ó lè rẹlẹ̀ sí i. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò dáko sí rí pàápàá lè ní iye owó, bẹ́ẹ̀ kò sí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Marx fúnra rẹ̀ kọ bẹ́ẹ̀. Torí náà, ẹ má wulẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá mi jiyàn.