Ijó Tó Ṣeé Gé Kúrò

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa ọkọ̀, ẹ rọra o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi láti ilé, ẹ kú ilé, ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Philadelphia ni mo wà, èmi nìkan ni mo jókòó lálẹ́ òní, kò sí àlejò. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn: ọ̀rọ̀ àwọn fíìmù oníjó tí Hollywood ṣe láyé àtijọ́, àti àwọn tó fi ẹsẹ̀ mú wọn dùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ mi tipẹ́ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, fíìmù àtijọ́ la máa ń fi sí i fún wọn, ti dúdú òun funfun, àwọn tí wọ́n ṣe láàárín nǹkan bí ọdún 1930 sí 1955. Iṣẹ́ ni mò ń bá lọ ní tèmi tẹ́lẹ̀, mi ò kọbi ara sí i. Nígbà tó yá ni mo wá ṣàkíyèsí pé bí ijó bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tí kì í fẹ́ dá èèyàn lóhùn láàárọ̀ á máa mi ẹsẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora. Màmá kan wà níbẹ̀ tí orúkọ ọmọ tirẹ̀ gan-an máa ń sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́, àmọ́ ó mọ ibi tí Fred Astaire, ìlúmọ̀ọ́ká oníjó òyìnbó, á ti na ọwọ́ sí Ginger Rogers tí wọ́n jọ ń jó, kí ọwọ́ náà tó jáde. Bí mo ṣe fìdí kalẹ̀ tì wọ́n nìyẹn. Ní báyìí, bí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, ilé ni mo ti ń wò ó.

Fún ẹni tí kò rí ijó tap rí, èyí tí wọ́n máa ń jó nínú àwọn fíìmù yẹn: bàtà aláwọ ni oníjó tap máa ń wọ̀, wọ́n á kan irin pẹlẹbẹ mọ́ abẹ́ rẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan ní gìgísẹ̀. Bó bá ń fẹsẹ̀ lu pákó, ìró tó ń jáde níbẹ̀ kì í ṣe ariwo lásán, ìlù ni. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń lù, òun náà ló ń jó. Ẹ wá fojú inú wo kámẹ́rà tó dúró jẹ́ẹ́, tó ń wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Astaire ló fọwọ́ líle mú èyí. Kò gbà kí wọ́n gé ijó òun wẹ́wẹ́, kí wọ́n fi ọwọ́ hàn, kí wọ́n fi ojú hàn, kí wọ́n tún sáré fi bàtà hàn. Odindi ara ni, bí ẹsẹ̀ bá ṣìnà, wà á rí i. Fídíò orin tòde òní kì í jẹ́ kí ojú èèyàn sinmi. Wọ́n á gé e nígbà mẹ́wàá kí oníjó tó gbé ẹsẹ̀ kan, o ò sì ní mọ̀ bóyá ó mọ̀ ọ́n jó. Ohun tí mò ń ṣàárò gan-an nìyẹn: kí a fi èèyàn sílẹ̀ kó jó tán.

Ó yẹ kí n sọ èyí náà, kó má baà dà bíi pé mò ń pọ́n wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Púpọ̀ nínú ìró bàtà tí à ń gbọ́ yẹn, ẹ̀yìn tí wọ́n ya àwòrán tán ni wọ́n gbà á sílẹ̀. Hermes Pan, tó máa ń bá Astaire hun ijó, òun ló máa ń fẹsẹ̀ lu ti Ginger Rogers nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀. Kò dín ìfẹ́ mi kù rárá.

Níbo ni ijó yìí ti wá? Ní South Carolina, lọ́dún 1739, àwọn ẹrú dìtẹ̀ lẹ́bàá odò Stono, wọ́n lu ìlù bí wọ́n ṣe ń lọ lójú ọ̀nà. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, 1740, ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin tó ka ìlù léèwọ̀ fún ẹrú. Wọ́n gba ìlù lọ́wọ́ wọn, wọn ò lè gba ẹsẹ̀, wọn ò lè gba àtẹ́lẹwọ́, wọn ò lè gba àyà tí èèyàn lè lù. Ijó àwọn ará Ireland àti ijó bàtà onípákó àwọn ará Lancashire ní England náà wọ̀ ọ́. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1840, ní àdúgbò Five Points ní New York, níbi tí àwọn tálákà dúdú àti tálákà Ireland jọ ń gbé, ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú kan tó ń jẹ́ William Henry Lane, tí wọ́n ń pè ní Master Juba, ti ń fi ẹsẹ̀ dá àrà débi pé ìròyìn rẹ̀ kọjá òkun. Wọn kì í sábà dárúkọ rẹ̀ nínú fíìmù kankan.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ èyí kó máa sọ kiri pé Yorùbá ló ni ijó tap. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lọ sí South Carolina nígbà náà, apá Kóńgò òun Àńgólà àti apá Senegal òun Gambia ni wọ́n ti kó wọn. Àmọ́ ẹni tó bá ti rí i kí oníjó bàtá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyáàlù kó sì fi èjìká òun ẹsẹ̀ dá a lóhùn, tirẹ̀ á tètè yé e.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí Bill Robinson, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bojangles. Richmond ní Virginia ni wọ́n bí i sí, lọ́dún 1878. Iwájú ẹsẹ̀ ló fi ń jó, ó nàró ṣánṣán, ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ gaara. Ó ní ijó kan tó ń jó gun àtẹ̀gùn tó sì ń jó sọ̀ kalẹ̀, tí àkàsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀. Nínú fíìmù kan lọ́dún 1935, ó jó o pẹ̀lú Shirley Temple, ọmọdébìnrin òyìnbó tí kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà tí wọ́n ya á. Ọkùnrin dúdú àti ọmọ òyìnbó jọ di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ń jó gun àtẹ̀gùn. Àwọn ibì kan wà ní apá Gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tí wọ́n ti gé ibi tí ọwọ́ wọn ti kanra kúrò. Àgbà tó ti lé ní ọmọ ọdún àádọ́ta, tó sì jẹ́ pé ipò ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n fún un nínú ìtàn náà.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni John Bubbles, tó sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀, tó dẹ eré náà díẹ̀ kí ó lè ráyè ki àrà kún un. Bí ẹ bá gbọ́ tí àwọn oníjó tap ń sọ nípa jíjó bí ẹni tó ń lu ìlù jáàsì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n àwọn tí mo jókòó tì lálẹ́ yìí gan-an ni Nicholas Brothers, Fayard àti Harold. Ìlú yìí ni wọ́n gbé dàgbà. Bàbá wọn ń lùlù, ìyá wọn ń tẹ dùùrù, wọ́n sì ń ṣe é ní Standard Theatre ní South Street níbí. Fayard kékeré á jókòó síwájú, á máa wo àwọn oníjó tó ń kọjá lórí ìtàgé, bó bá délé á ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe. Kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ijó kankan. Òun ló wá kọ́ Harold, àbúrò rẹ̀. Lọ́dún 1932 wọ́n ti ń jó ní Cotton Club, ilé ijó alẹ́ kan ní Harlem ní New York, Harold jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Àwọn dúdú ló ń jó níbẹ̀, àwọn òyìnbó ló ń jókòó wò wọ́n.

Lọ́dún 1943 ni wọ́n ṣe Stormy Weather, fíìmù tó jẹ́ pé àwọn dúdú ló kún inú rẹ̀: Lena Horne, Bill Robinson, Fats Waller, Katherine Dunham, Cab Calloway. Calloway ń kọrin. Àwọn Nicholas méjèèjì jókòó sídìí tábìlì bí èrò ìwòran, wọ́n wọ kóòtù onírù. Bí wọ́n ṣe dìde báyìí, ó parí! Wọ́n ń fò láti orí pèpéle kékeré kan dé òmíràn láàárín àwọn afunfèrè, wọ́n gun orí dùùrù, wọ́n bá a tàkùrọ̀sọ, wọ́n fò kúrò lórí rẹ̀ balẹ̀, ẹsẹ̀ kan níwájú, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn, itan lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Wọ́n sì dìde láìfi ọwọ́ kan ilẹ̀. Wọ́n wá gun àtẹ̀gùn ńlá kan. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ nísàlẹ̀, èyí á fo orí èyí, á balẹ̀ lórí àkàsọ̀ pẹ̀lú itan títẹ́ pẹrẹsẹ, èkejì á fo orí òun náà, bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi délẹ̀. Fayard máa ń sọ ọ́ títí ó fi dàgbà pé Nick Castle, tó bá wọn hun ijó náà, ní kí wọ́n má wulẹ̀ dán an wò, kí wọ́n jó o kó tán. Wọ́n ní Astaire fúnra rẹ̀ sọ fún wọn pé òun kò rí ijó inú fíìmù tó tó o. Ọ̀rọ̀ tèmi náà nìyẹn. Mo fẹ́ràn Gene Kelly, oníjó òyìnbó mìíràn, níbi tó ti ń jó nínú òjò, mo lè wò ó lójoojúmọ́, àmọ́ mi ò ní gbé e ka iwájú èyí.

Ibi tó ń dùn mí nìyí. Nínú àwọn fíìmù yòókù tí wọ́n ṣe, níbi tí òyìnbó ti jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn, Fayard àti Harold kì í sábà ní ipa kankan nínú ìtàn. Wọ́n á wọlé, wọ́n á jó, wọ́n á jáde. Kò sí ẹni tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó ń wá wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ. Ìdí ni pé àwọn onílé sinimá kan ní Gúúsù kò fẹ́ káwọn òyìnbó tó sanwó rí dúdú tó wọ aṣọ iyì, tó sì dára ju àwọn lọ. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ fíìmù ti ṣètò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kó lè rọrùn láti gé, kí ìtàn má sì já. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe Lena Horne. Ó ń fara ti òpó, ó ń kọrin, ó tán. Jeni LeGon, oníjó obìnrin tó wọ ṣòkòtò jó, tó sì ń fò bí ọkùnrin, bá Bojangles jó nínú fíìmù lọ́dún 1935. MGM, ilé-iṣẹ́ fíìmù ńlá kan, gbà á síṣẹ́ lọ́dún yẹn, wọ́n sì tú àdéhùn náà ká láìpẹ́. Ipa ọmọ ọ̀dọ̀ ló kù tí wọ́n ń fún un lẹ́yìn náà.

Lọ́dún 1936, Astaire fẹ́ fi ijó kan bọlá fún Bojangles. Ó kun ojú ara rẹ̀ dúdú, bí àwọn òyìnbó eléré ṣe máa ń ṣe láti sín dúdú jẹ. Bojangles wà láàyè, ó ń jó lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn Astaire, kò sì sí ohun tó máa yí i padà, àmọ́ mi ò tíì lè wo ìyẹn láìgbé ojú kúrò.

Bàbá àgbà kan wà lọ́dọ̀ wa níbi iṣẹ́, èèyàn dúdú, Georgia ni wọ́n ti bí i. Mo bi í bóyá ó rí Nicholas Brothers nígbà tó wà lọ́mọdé, tí wọ́n ń gé wọn kúrò. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, ní sinimá tàwọn dúdú, ta ló máa gé e? Ó ní ìyá òun á san owó fíìmù odindi, wọ́n á jókòó gba gbogbo ìfẹ́ òyìnbó yẹn kọjá, wọ́n á dúró de ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí àwọn Nicholas bá ti jó tán, àwọn kan á dìde máa lọ ilé. Mo wá rò ó pé apá tí wọ́n ṣe kó lè já bọ́, òun náà ni àwọn èèyàn ń wá wò lórí YouTube lónìí, níbi tí ọ̀pọ̀ wọn kò ti mọ orúkọ fíìmù náà, ká má tíì wá sọ ìtàn inú rẹ̀.

Lọ́dún 1948, Gene Kelly fàáké kọ́rí pé àwọn Nicholas ló máa bá òun jó nínú fíìmù The Pirate, àwọn mẹ́ta sì jọ jó o ní ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́. Wọ́n gé ìyẹn náà ní àwọn ìlú kan ní Gúúsù. Lẹ́yìn ìgbà náà, Yúróòpù ló kù tí wọ́n ti ń rí iṣẹ́ gidi. Ijó tap fúnra rẹ̀ náà ń rọlẹ̀ nígbà yẹn: owó orí gọbọi dé bá àwọn ilé ijó lọ́dún 1944, ẹgbẹ́ olórin ńlá ń tú ká, Broadway, àwọn ilé eré orí ìtàgé ńlá ní New York, sì ti gba ti ballet.

Ó dùn mọ́ mi pé wọn ò kú kí ayé tó padà rí wọn. Lọ́dún 1989, Gregory Hines, oníjó tap, kó àwọn àgbà oníjó jọ sínú fíìmù Tap: Harold Nicholas, Jimmy Slyde, Bunny Briggs, Sandman Sims, Sammy Davis Jr. Kálukú gba àyè jáde, kálukú fẹsẹ̀ sọ tirẹ̀, àwọn yòókù ń hó lé e lórí. Lọ́dún 1991 wọ́n fún Fayard àti Harold ní àmì ẹ̀yẹ Kennedy Center, èyí tí wọ́n fi ń bọlá fún àwọn ọ̀jáfáfá eléré ní Amẹ́ríkà. Harold kú lọ́dún 2000, Fayard lọ́dún 2006.

Bí ẹ bá lọ wo ijó inú Stormy Weather yẹn, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì fún mi. Lẹ́ẹ̀kíní, ẹ má wo ẹsẹ̀. Ọwọ́ Fayard ni kí ẹ wò, bó ṣe ń nà án bí ẹni tó ń darí olórin. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ dijú, kí ẹ kàn gbọ́ ọ. Ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ ìbí Bojangles, ni ọjọ́ ijó tap ní Amẹ́ríkà, mo sì fẹ́ fi ohùn tiyín kún ètò ọjọ́ náà. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́, kí ẹ sọ èyí tẹ́ ẹ wò àti ẹni tẹ́ ẹ jọ wò ó. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Jeni LeGon nìkan la máa sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìtàn rẹ̀ pọ̀ ju bí mo ṣe fò ó lálẹ́ òní lọ. Ó dàárọ̀ o.