Bí Lílì Ọ̀pẹ Òyìnbó Ṣe Ń Sun Oorun Òtútù Rẹ̀

Kúnlé: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin olùgbọ́ wa. Àǹtí Bísí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Òdòdó kan wà tí mo fẹ́ kí á yanjú ọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, nítorí pé ọdún méjì léraléra ni ó ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ níbí ní Manchester. Lílì ọ̀pẹ òyìnbó ni.

Àǹtí Bísí: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Kí ẹni tí kò rí i rí lè mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ọ̀pẹ òyìnbó tí à ń jẹ, kò sì bá a tan. Láti àárín ewé rẹ̀ ni ọ̀pá òdòdó kan ti máa ń yọ, tí òdòdó kéékèèké bí ìràwọ̀ á tò yí i ká, tí ìdì ewé kan á sì wà lórí rẹ̀ bí adé. Ìdì ewé yẹn ni wọ́n wò tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Eucomis, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gíríìkì jẹ́ onírun dáradára. Níbo ni o gbìn ín sí?

Kúnlé: Ẹ̀yìn ilé ni, níbi tí omi òrùlé ń dà sí, ilẹ̀ amọ̀ sì ni. Nígbà tí mo hú u ní oṣù Kẹrin, ìdí rẹ̀ tó rí bí àlùbọ́sà ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Mo gbà pé òtútù ló pa á.

Àǹtí Bísí: Omi ló pa á, Kúnlé. Gúúsù Áfíríkà ni ilé rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní Eucomis bicolor máa ń hù ní àgbègbè òkè Drakensberg, níbi tí òjò ti ń rọ̀ nígbà ooru, tí ilẹ̀ sì máa ń gbẹ nígbà òtútù, débi pé bí ìrì bá tilẹ̀ dì lórí koríko, inú erùpẹ̀ gbígbẹ ni ó ń sùn sí. Ronú nípa iṣu wa: nígbà tí ewé rẹ̀ bá ti kú ní ẹ̀ẹ̀rùn, ta ni ó ń bomi rin ín? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ìgbà tí ó yẹ kí òdòdó yìí sùn ní gbígbẹ gan-an ni òjò ń rọ̀ lé e lórí.

Kúnlé: Kí ni kí n ṣe nígbà náà?

Àǹtí Bísí: Bí ilẹ̀ rẹ bá jẹ́ èyí tí omi kì í dúró sí, tí oòrùn sì ń kàn án, gbìn ín jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí o sì fi ewé gbígbẹ bò ó dáadáa kí òtútù tó wọlé, bí a ti ń fi koríko bo orí ebè. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ amọ̀ tìrẹ kò gbà bẹ́ẹ̀. Inú ìkòkò ni kí o gbìn ín sí, kí o po òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ erùpẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ewé bá ń pọ́n ní oṣù Kẹwàá, dáwọ́ omi dúró, kí o sì gbé ìkòkò náà lọ sínú gáréèjì tí omi kì í ti í dì. Má ṣe bu ẹ̀kán omi kan sí i títí di oṣù Kẹrin. Àwọn ará wa ní Chicago kò tilẹ̀ gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ níta rárá. Kí wọ́n hú u kí ilẹ̀ tó dì.

Kúnlé: Bí kò bá sì tètè hù ńkọ́?

Àǹtí Bísí: Apẹ́hù ni. Ó lè di oṣù Karùn-ún kí orí rẹ̀ tó yọ, má sì ṣe máa tú erùpẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun kan tún wà: Eucomis bicolor máa ń rùn díẹ̀ bí ẹran tó ti bàjẹ́, nítorí eṣinṣin ni ó ń pè kó wá bá a gbé àtíkè òdòdó kiri, nítorí náà jẹ́ kó jìnnà sí fèrèsé. Èyí tí ó wà lọ́dọ̀ mi, Eucomis comosa, òórùn dídùn ni tirẹ̀. Ewé rẹ̀ kan ṣoṣo, bí a bá gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, tí a fi ìsàlẹ̀ gígé kọ̀ọ̀kan gún inú iyanrìn tútù, á di ọ̀pọ̀lọpọ̀ òdòdó. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn ju gbogbo iṣẹ́ ọgbà lọ.

Kúnlé: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tọ́jú ewé kan.

Àǹtí Bísí: Oṣù Keje ni kí o wá, nígbà tí ewé bá ti gbó. Kí o sì mú ìkòkò tó ní ihò nídìí dání.