Àwọn àgbẹ̀ tó gbé ìbọn torí owó orí: ṣé wọ́n jàre?

Ẹ káàbọ̀ o. Ọ̀rọ̀ òní ti pẹ́, ọdún 1786 ni, ní Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, ìjà àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Shays' Rebellion.

Ká ní àgbẹ̀ ni yín, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun dé, ẹ ti bá wọn lé ọba Gẹ̀ẹ́sì lọ, ìwé gbèsè ni ìjọba fi san owó yín, kì í ṣe owó gidi. Ebi ò jẹ́ kẹ́ ẹ lè tọ́jú ẹ̀, lẹ bá tà á ní owó pọ́ọ́kú fáwọn olówó. Ìgbà tó yá, ìjọba ní kẹ́ ẹ mú owó orí wá, owó wúrà àti fàdákà làwọn ń gbà. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Wọ́n fẹ́ fi san owó ìwé tẹ́ ẹ tà yẹn fáwọn tó rà á lọ́wọ́ yín, ní pípé! Ṣé ẹ gbọ́ yẹn? Ẹni tí ò bá rí owó san, kóòtù á kó màlúù ẹ̀, á gba ilẹ̀ ẹ̀, nígbà míì á sọ ọ́ sẹ́wọ̀n.

Daniel Shays tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe ìjà yìí, ọ̀gá sójà ni nígbà ogun, Lafayette, ọ̀gágun ará Faransé tó bá Amẹ́ríkà jà, ló fún un ní idà, ó ta idà náà torí àìlówó.

Àwọn àgbẹ̀ kọ́kọ́ fẹnu bẹ̀ o. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ títí, àwọn aṣòfin ò dá wọn lóhùn, wọ́n ti ilé ìgbìmọ̀ wọ́n gba ilé lọ. Nígbà tó di oṣù kẹjọ àwọn àgbẹ̀ ya bo ìlú Northampton, ẹlòmíì gbé ìbọn, ẹlòmíì gbé kùmọ̀, wọ́n dí ẹnu ọ̀nà kóòtù pa. Ibi tí mo ti gba tiwọn nìyẹn, torí kóòtù tí ò bá jókòó ò lè gba màlúù ẹnikẹ́ni.

Samuel Adams tó ta ko owó orí ọba Gẹ̀ẹ́sì kíkankíkan, òun náà ló ní kí wọ́n pa wọ́n, pé èèyàn lè dìtẹ̀ mọ́ ọba àmọ́ kì í ṣe ìjọba tẹ́ ẹ fìbò yàn. Ó dùn létí, àbí? Ẹni tí ò ní dúkìá tó iye kan ò lè dìbò nígbà yẹn kẹ̀.

Ibi tí mi ò ti bá wọn lọ ni January 1787, wọ́n fẹ́ lọ gba ibi tí wọ́n kó ìbọn pamọ́ sí ní Springfield. Sójà yin àgbá lù wọ́n, èèyàn mẹ́rin kú, àwọn tó kù fẹsẹ̀ fẹ. Àwọn oníṣòwò Boston ló tún dáwó fún Gómìnà Bowdoin kó fi gba sójà míì tó lé wọn nínú yìnyín.

Lọ́dún yẹn náà wọ́n dìbò, Bowdoin fìdí rẹmi, John Hancock wọlé, owó orí sì wálẹ̀. Ìbọn ló ṣe é àbí ìbò? Ìbò ṣáà wà ní 1786, ẹnì kankan ò gbọ́ igbe wọn. Temi ni pé kóòtù tí wọ́n tì pa yẹn ló la àwọn olóṣèlú létí, Springfield ò ṣe wọ́n láǹfààní kankan. Wọ́n yẹgi fún èèyàn méjì, Shays sá lọ Vermont, wọ́n foríjì í ní 1788, àmọ́ kò padà di olówó títí tó fi kú.