Bí a ṣe ń to orúkọ Yorùbá bó ṣe yẹ nínú PostgreSQL

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Mo ti kó orúkọ mẹ́rin sínú table kan tó ń jẹ́ akeko nínú PostgreSQL, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú dátà (database): Gbádébọ̀, Gòkè, Ẹbùn, Eyítáyọ̀. Kíbọọ̀dù kan lè kọ Ẹ ní odidi, kí òmíràn kọ́kọ́ kọ E kó tó fi àmì sí i nídìí. Ẹ kọ́kọ́ sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan náà. NFC ń so lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ di odidi níbi tó bá ti ṣeé ṣe:

UPDATE akeko SET oruko = normalize(oruko, NFC);

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tò wọ́n. COLLATE ló ń yan collation, ìyẹn ìlànà tí a fi ń to ọ̀rọ̀:

SELECT oruko FROM akeko ORDER BY oruko COLLATE "C";

Ẹ wò ó: Eyítáyọ̀, Gbádébọ̀, Gòkè, Ẹbùn. "C" kò mọ álífábẹ́ẹ̀tì kankan, byte nìkan, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ló ń kà. Byte mẹ́ta ni Ẹ nínú UTF-8 (ọ̀nà tí a fi ń sọ lẹ́tà di byte), èyí àkọ́kọ́ sì ju ti Z lọ, ìyẹn ló sọ Ẹbùn di ará ẹ̀yìn.

Ẹ wá fi "en-x-icu" rọ́pò "C": ìlànà Gẹ̀ẹ́sì ni, láti inú ICU, àkójọ kóòdù tó mọ ìlànà oríṣiríṣi èdè. Ẹbùn ti bọ́ síwájú Eyítáyọ̀, torí àmì lásán ni Gẹ̀ẹ́sì ka ti ìdí Ẹ sí. Gbádébọ̀ ṣì ṣáájú Gòkè.

Ẹ lo "yo-x-icu" báyìí. Eyítáyọ̀, Ẹbùn, Gòkè, Gbádébọ̀! E tán kí Ẹ tó bẹ̀rẹ̀, G tán kí Gb tó dé, bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ilé ìwé gan-an. Inú mi máa ń dùn síbí yìí. Orúkọ àwọn èèyàn wa ló bọ́ sí àyè rẹ̀ yẹn.

Ó kan index, àtòkọ tí database ń tọ́jú kó lè tètè rí nǹkan:

CREATE INDEX akeko_yo ON akeko (oruko COLLATE "yo-x-icu");

Ètò yìí ni index fi ń to orúkọ pa mọ́. Tí ORDER BY yín kò bá dárúkọ collation kan náà, kò ní lè lò ó. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn kí ẹ kúkú fi sára column fúnra rẹ̀:

ALTER TABLE akeko ALTER COLUMN oruko TYPE text COLLATE "yo-x-icu";

Orúkọ mẹ́rin kéré o. Tí EXPLAIN, àṣẹ tó ń fi ọ̀nà tí database máa gbà ṣiṣẹ́ hàn, bá ṣì ń fi Sort hàn yín (ìyẹn ni pé kò lo index), ẹ kọ SET enable_seqscan = off, kí ẹ tún un wò.

Ẹ má fojú di èyí tó kù yìí. Ìlànà ìtòlẹ́sẹẹsẹ máa ń yí padà. Nígbà tí glibc 2.28 (àkójọ kóòdù Linux tí PostgreSQL náà lè fi to ọ̀rọ̀) jáde lọ́dún 2018, ọ̀pọ̀ index ló dàrú: orúkọ wà níbẹ̀, database ní òun kò rí i. ICU náà ń yí padà. Tí PostgreSQL bá kìlọ̀ pé version collation kò bára mu mọ́, ẹ tún index kọ́ ná, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó pa ìkìlọ̀ náà lẹ́nu mọ́:

REINDEX TABLE akeko;
ALTER COLLATION "yo-x-icu" REFRESH VERSION;